Àgbàdo Olóògùn

Ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Mo sọ ìtàn yìí fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n lọ pa ẹ̀rọ omi. Mo sọ ọ́ fún àbúrò mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun láti àárọ̀. Síbẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò sì yọ kúrò níbẹ̀: ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ lójoojúmọ́, fẹ́ pa ọ̀ọ́dúnrún adìyẹ tán ní Lákọwé, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ló sì gbà wọ́n là. Ẹ̀rọ olówó gọbọi tó wà níwájú mi kò rí nǹkan kan. Etí mi ló rí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé irọ́ ni mò ń pa níbẹ̀ náà. Mò ń yẹ oúnjẹ ẹran wò. Oúnjẹ adìyẹ, oúnjẹ ẹja, oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Láàbù wa wà ní Ajah, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táìlì. Ẹni tó bá ń fura sí oúnjẹ tó ń fún ẹran rẹ̀ á bu díẹ̀ sínú ọ̀rá, á gbé e wá, àwa á sì wò ó bóyá májèlé tàbí kẹ́míkà tí kò yẹ wà nínú rẹ̀. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe é. Ní àdúgbò wa ní Abraham Adésànyà, àwọn ọmọdé ń pè mí ní Bàbá Tó Ń Tọ́ Oúnjẹ Adìyẹ Wò. Mi ò tọ́ ọ wò rí. Ó dáa, ẹ̀ẹ̀kan péré. Iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Obìnrin ni ọ̀gá mi. Victoria Garden City ló ń gbé, mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ó kàwé jù mí lọ, kò sì fìgbà kan gbàgbé ọ̀kan nínú méjèèjì. Mò ń pè é ní Ọ̀gá, ó ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá, bẹ́ẹ̀ la ṣe pín ọ̀wọ̀ náà láàárín ara wa. Òun ló ra ẹ̀rọ ńlá wa. Ìyàwó Tuntun la sọ ẹ̀rọ náà, torí pé yàrá tirẹ̀ nìkan ló ní éésì, ara rẹ̀ kò gba ariwo, bí iná bá sì ṣẹ́jú pẹ́rẹ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, àfi kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó Tuntun lè rí májèlé tí kò tó hóró iyọ̀ kan nínú àgbá omi. Ṣùgbọ́n ó ní ìwà kan: kì í sọ ohun tí a kò bi í. Bí ẹ bá ní kó wá ewúrẹ́ nínú yàrá, tí kìnnìún bá jókòó síbẹ̀, yóò dá yín lóhùn pé òun ò rí ewúrẹ́ kankan.

Lọ́jọ́ Ajé kan, màmá kan gun àtẹ̀gùn wá bá wa. Ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ẹ̀yìn wọn gún bíi rúlà, ohùn Ìjẹ̀bú ṣì wà lẹ́nu wọn dáadáa. Wọ́n ní àwọn ń sin adìyẹ tó ń yé ẹyin lẹ́yìn ilé àwọn ní Lákọwé, bí irinwó ni. Ó ti di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún tó kú láàárín ọjọ́ mélòó kan.

"Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe kí wọ́n tó kú, Màmá?"

"Itọ́ á máa dà lẹ́nu wọn. Ẹsẹ̀ wọn á máa gbọ̀n. Wọ́n á wá rọra jókòó bí ẹni tó fẹ́ gbàdúrà. Ó parí nìyẹn."

"Kí lẹ fi ń bọ́ wọn?"

"Èyí tí mo pò fúnra mi. Àgbàdo, sóyà, èérún ẹ̀pà. Mo gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n lọ̀ ọ́ pọ̀." Wọ́n gbé ọ̀rá kan sórí tábìlì mi, ìyẹ̀fun oúnjẹ adìyẹ ló wà nínú rẹ̀, ó pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé èérún ẹ̀pà ló fà á.

Mo fa fọ́ọ̀mù jáde. Ìbéèrè kan wà lórí fọ́ọ̀mù yẹn tí èmi fúnra mi kọ síbẹ̀, tí mo sì máa ń fi yangàn: ǹjẹ́ wọ́n fi nǹkan mìíràn sí oúnjẹ yìí?

"Màmá, ṣé wọ́n fi nǹkan kan sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n fi oògùn sí i." Inú wọn tilẹ̀ dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Oògùn tó dáa. Torí kí wọ́n má baà ṣàìsàn ni mo ṣe ra olóògùn."

Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbàgàdà: fítámì.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó lọ sí yunifásítì ló kọ ọ́.

Bí oúnjẹ bá ń pa adìyẹ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹni tí a kọ́kọ́ máa ń mú ni àgbàdo tó ti bu, èyí tí wọ́n kó pamọ́ síbi tó lómi, tó wá hu irun funfun lára. Irun yẹn ń ṣe májèlé tirẹ̀. Mo wá a nínú oúnjẹ Màmá, kò sí. Mo wá òjé, kò sí. Mo wá àwọn irin olóró yòókù, kò sí. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Ọ̀gá fọwọ́ sí ìwé, mo sì fi í ránṣẹ́ sí Màmá: a kò rí nǹkan kan nínú àwọn ohun tí a wá. Ọ̀rọ̀ tó péye ni. Ṣùgbọ́n ibi tí Màmá kà dé ni "a kò rí nǹkan kan."

Wọ́n pè mí lójú ẹsẹ̀. "O ṣeun, ọmọ mi. Bí kì í bá ṣe oúnjẹ, àjàkálẹ̀ àrùn ni nìyẹn. Dókítà ẹran ti ń fura sí i tẹ́lẹ̀. Mo ti bá ọkùnrin tó ń kó adìyẹ fún àwọn ilé oúnjẹ sọ̀rọ̀. Aago mẹ́rin ọ̀la ló máa wá kó gbogbo wọn, kí àrùn tó mú àwọn tó kù. Owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi bẹ̀rẹ̀ wọn, láti ọmọ ọjọ́ kan. Mi ò ní lágbára láti bẹ̀rẹ̀ òmíràn mọ́. Kò burú."

Kò burú tí wọ́n sọ yẹn, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń burú tó.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo yà sí ọjà ní Ajah kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ gbin àgbàdo díẹ̀ sẹ́yìn ilé. Mo ní oníbàárà kan níbẹ̀, Alhaji kan tó ń ta àgbàdo, ọkùnrin kúkúrú onífìlà funfun. A kì í kí ara wa láìfi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́.

"Alákọ̀wé!" ló pariwo. "Ṣé ẹ tún fẹ́ wá fi awò wo àgbàdo mi ni?"

"Alhaji, kóńgò kan péré ni mo fẹ́. Mo fẹ́ gbìn ín ni."

"Ta ló fẹ́ gbìn ín? Ẹ̀yin? Pẹ̀lú ọwọ́ tó rọ̀ bíi búrẹ́dì yìí?" Ó rẹ́rìn-ín títí tẹ̀sùbáà fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ó dáa. Ṣé olóògùn lẹ fẹ́ àbí lásán?"

Ọwọ́ mi dúró nínú àpò ṣòkòtò.

"Olóògùn báwo, Alhaji?"

"Olóògùn ni ti gbígbìn. Wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa á lára, kí kòkòrò inú ilẹ̀ má baà jẹ ẹ́ kó tó hù. Ẹ wò ó." Ó tú ẹnu àpò kan. Àgbàdo náà pupa rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé wọ́n ta osùn sí i lára. "Ẹ má fọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ tún fi kan ẹnu o. Ẹyẹ tó bá ṣà á jẹ, ibẹ̀ ló máa sùn sí."

"Ṣé ọjà rẹ̀ ń yá?"

"Ó ń yá! Màmá kan wá láti Lákọwé lọ́jọ́ kan, àpò mẹ́ta ni wọ́n kó lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní, Màmá, olóògùn nìyẹn o! Wọ́n ní, èyí gan-an ni mo fẹ́, ó tilẹ̀ pupa bí oògùn ẹ̀jẹ̀. Mo ní háà, ara màmá yìí mà le o, oko ńlá ni wọ́n ń dá!" Ó rí ojú mi. "Kí ló dé? Ṣé oko ọ̀hún ti jóná ni?"

"Alhaji, màmá yẹn ò dá oko kankan. Adìyẹ ni wọ́n ń sìn."

Kò yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Nígbà tó yé e, ó ní "Lá ìláhà ìlàllá," ó fìdí lélẹ̀ lórí àpò tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ló bá rántí pé olóògùn ni àpò náà, ló bá fò dìde.

Èmi náà dúró síbẹ̀ bí òpó. Ẹ bá mi wò ó. Èyí tí a ń lò sí ibà, oògùn ni. Èyí tí a fi ń pa eku, oògùn ni. Èyí tí a ń fura pé ìyàwó kejì bù sí ọbẹ̀, oògùn náà ni. Alhaji kò purọ́, ó sọ fún Màmá pé oògùn wà lára rẹ̀. Màmá náà kò purọ́, wọ́n sọ fún mi pé oògùn wà nínú rẹ̀. Àwọn méjèèjì sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, láti ọjà títí dé orí tábìlì mi. Èmi alákọ̀wé nìkan ni mo kọ fítámì.

Alhaji bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ọ̀rá fún mi, ó sì já ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara àpò náà. Orúkọ oògùn kòkòrò ọ̀hún wà lórí rẹ̀. Mo pe Màmá látojú ọ̀nà.

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tà wọ́n! Kì í ṣe àrùn. Oúnjẹ yẹn náà ni."

"Ìwé tó dé lánàá, ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"Ó ní ẹ kò rí nǹkan kan."

"Ohun tí a kò wá ni a kò rí, Màmá."

"Ọmọ mi," ohùn wọn ti di ti ọ̀gá iléèwé pátápátá, "mo fi gbogbo ayé mi máàkì ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ pa ìdáhùn rẹ̀ rẹ́, kó fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn mí. Ọkùnrin náà ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Mú iṣẹ́ rẹ wá kó tó dé."

"Mo ti gbọ́, Màmá. Ṣùgbọ́n ẹ má fún wọn ní oúnjẹ yẹn mọ́ lónìí."

"Ìyẹn ò le."

Aago mọ́kànlá ku díẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn láàbù ní méjì-méjì, ohun tí mi ò ṣe láti ọdún tí mo pé àádọ́ta.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tan jẹnẹrétọ̀ fún Ìyàwó Tuntun."

"Bọ̀ọ̀dá, nítorí kí ni?"

"Nítorí fítámì tí mo kọ."

Mo rò ó fún un. Ó gba fọ́ọ̀mù náà wò, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́ọ̀mù. Ó rẹ́rìn-ín débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ bàtà gogoro tó wọ̀, ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ lọ wọn ti Màmá, kí n wọn ti Alhaji."

A wọ̀n ọ́n. A da omi kẹ́míkà lé e lórí, omi tó ń fa májèlé jáde lára oúnjẹ. A gbọ̀n ọ́n títí apá fi ń ro wá, a sẹ́ ẹ, a jẹ́ kó gbẹ kù díẹ̀. Nínú fíríìjì wa, ìgò kékeré kan wà tí ojúlówó oògùn kòkòrò yẹn wà nínú rẹ̀, tí a kì í sábà fọwọ́ kàn. Ìyẹn la kọ́kọ́ fún Ìyàwó Tuntun, kó lè mọ ojú ẹni tí a fẹ́ kó wá. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí kọ̀ǹpútà, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹsàn-án, ó gòkè lọ fíofío, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Òkè kan ṣoṣo: àmì oògùn náà nìyẹn, ìṣẹ́jú yẹn náà ló sì gbọ́dọ̀ ti yọ níbikíbi tó bá wà. A fún un ní àgbàdo Alhaji. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án, òkè.

Ó wá kan oúnjẹ Màmá. Aago méjì ti lù. Ìlà ń rìn, pẹlẹbẹ, pẹlẹbẹ. Ní ìṣẹ́jú keje, jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ nísàlẹ̀, gílóòbù ṣẹ́jú. Ọ̀gá di apá mi mú. Èmi náà di tábìlì mú, bí ẹni pé èmi ni mo gbé iná náà dúró. Jẹnẹrétọ̀ tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá kùn geere. Ìṣẹ́jú kẹjọ. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án.

Òkè náà yọ! Ó yọ gogoro, ó ga ju èyí tí ojú mi ti ń rí láti ọdún mẹ́wàá lọ. Mo pariwo débi pé àwọn alátáìlì ìsàlẹ̀ jáde síta. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín níwájú oníbàárà, ń jó láìwọ bàtà láàárín àwọn ìgò.

Nígbà tí mo dé Lákọwé, ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́rin lù, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti ṣáájú mi dé. Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ti fìdí kọ ẹnu ọ̀nà, àgò adìyẹ mẹ́fà ti wà lórí rẹ̀. Màmá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọn ò wo ibẹ̀.

Mo na ìwé sí wọn. Wọ́n lọ sínú ilé, mo rò pé awò ojú ni wọ́n fẹ́ mú. Wọ́n mú awò ojú lóòótọ́, wọ́n sì mú bírò pupa. Wọ́n fi ìka tọ àwòrán tó wà lórí ìwé náà.

"Kí ni òkè àkọ́kọ́ yìí?"

"Ojúlówó oògùn kòkòrò, Màmá."

"Èkejì?"

"Àgbàdo gbígbìn tí ẹ rà lọ́wọ́ Alhaji."

"Ìkẹta?"

"Oúnjẹ adìyẹ yín."

Wọ́n fi bírò pupa fa ìlà láti orí òkè kan sí èkejì, sí ìkẹta. Orí ìṣẹ́jú kẹsàn-án kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà. Wọ́n ṣí awò ojú. "Èmi," wọ́n ní, "èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bù ú fún wọn."

"A jọ bù ú ni, Màmá. Ẹ̀yin ní oògùn, èmi kọ fítámì."

Wọ́n dé awò ojú padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé mi, lójú gbogbo èèyàn: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. "Fítámì ló jẹ ọ̀kan," ni wọ́n wí. Wọ́n kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọ̀gbẹ́ni, sọ àwọn adìyẹ mi kalẹ̀."

"Rárá o, Màmá! Mo ti gbé wọn sọ́kọ̀, àdéhùn la ṣe."

"Oògùn kòkòrò wà lára wọn," mo ní. "Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ kó fún àwọn ilé oúnjẹ?"

"Iná á pa á nínú ìkòkò."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Màmá, ẹ bá wa dín ọ̀kan. Ẹ gbé itan rẹ̀ fún ọ̀gbẹ́ni yìí, kó kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ká rí i."

Ọkùnrin náà bojú wo àgò tó wà nítòsí rẹ̀. Adìyẹ kan na ọrùn síta níbẹ̀, itọ́ ń já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó ń wò ó bí àna tí wọ́n ṣẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ àgò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kalẹ̀.

A kò tíì ṣe tán tí kẹ̀kẹ́ máwà kan fi gbá wọlé, àpò àgbàdo kún inú rẹ̀, Alhaji, tó ti gba nọ́ńbà Màmá lọ́wọ́ mi láàárọ̀, sì há sáàárín wọn. Ó ń pariwo látòkèèrè kí wọ́n tó gbé e dúró: "Lásán ni o! Lásán ni o! Kò sí oògùn kankan lára tibí!" Ó gba àpò olóògùn tó ṣẹ́kù padà, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Màmá, Màmá náà tọrọ gáfárà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn títí mo fi ní kí wọ́n jẹ́ ká ṣiṣẹ́. A gbẹ́ ihò, a sin gbogbo oúnjẹ burúkú náà. A fọ àwo oúnjẹ àti àwo omi lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà ẹran dé, ó ka ìwé mi, ó ní ọ̀rọ̀ ti yé òun wàyí, ó sì gún àwọn tí ó rẹ̀ jù lábẹ́rẹ́. Ó ní kí a máa sin ẹyin wọn, kí ẹnikẹ́ni má jẹ wọ́n, kí wọ́n má sì ta adìyẹ kankan títí láàbù yóò fi yẹ̀ wọ́n wò kó sì ní wọ́n ti mọ́. Màmá ní èmi ni kó yẹ̀ wọ́n wò. Mo ní mo gbọ́.

Ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù mi dún. Mi ò tíì fọ ẹnu.

"Mo ti kà wọ́n," Màmá ní. "Mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èyí tó kú." Wọ́n wá gbé fóònù sínú ilé adìyẹ kí n lè gbọ́ wọn fúnra mi. Ẹ wo bí mo ṣe jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì mi, tí mò ń tẹ́tí sí ariwo ọ̀ọ́dúnrún adìyẹ, tí mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ń ki oríkì rẹ̀.

Nígbà tí mo fi dé láàbù, èèyàn ti kún orí àtẹ̀gùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ọ̀rá oúnjẹ lọ́wọ́ kálukú. Màmá ti tẹ gbogbo ẹgbẹ́ olùsìn adìyẹ láago. Ẹni tó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn gan-an jẹ́ obìnrin kan tó wọ híjáàbù, kò sí ọ̀rá lọ́wọ́ tirẹ̀. Kúlà kékeré kan ló gbé lé itan. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ lè rí oògùn nínú oúnjẹ. Ọbẹ̀ tí ìyá ọkọ mi gbé wá lánàá ni."

"Àǹtí," mo ní, "irú oògùn wo lẹ fẹ́ kí n wá níbẹ̀?"

Ó ronú sí i dáadáa.

"Gbogbo ẹ̀," ló wí.

Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo fa fọ́ọ̀mù kan jáde.